KÍ Á TÓ PE BÍRÍKÌLÀ WÁ SÍ ILÉ ÀTIJỌ́

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ènìyàn wa ń gbé wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wa. Ẹnìkan á wọlé, á jókòó, á ní òun fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí a bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, á ní ilé òun ti ń lanu, òun ti bá bíríkìlà kan sọ̀rọ̀, bíríkìlà náà sì ní kí òun mú owó wá lọ́jọ́ Sátidé. Bí a bá tún bi í pé kí ni bíríkìlà náà fẹ́ ṣe sí ilé ọ̀hún gan-an, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ.

Nítorí irú èyí ni a ṣe fi ojú ewé yìí sọ ọ̀rọ̀ ilé lóṣù yìí, dípò ọ̀rọ̀ owó oṣù tí ẹ ti ń retí. Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò tíì parí, a ó padà sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé bá wó lù kò ní lè dé ibi tí wọ́n ti ń san án.

Ilé tí púpọ̀ nínú wa ń gbé ní Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kì í ṣe ilé àná. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé gbígbé, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí FHA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, ló kọ́ Festac láti fi gba àlejò tó wá síbi àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú lágbàáyé. Àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Ìgbà tí àlejò lọ tán ni wọ́n pín ilé náà fún àwọn ará ìlú. Àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ lápá Mile 2, láàrin ọdún 1979 sí 1983, ni àbúrò wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ẹ̀gbọ́n ti tó bí ọmọ àádọ́ta ọdún, àbúrò ti lé ní ogójì. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ọkọ̀ wo lẹ mọ̀ tó rìn tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ rí?

Àkókò ìkánjú ni wọ́n sì kọ́ Festac. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá á ti gbọ́ ìtàn ọdún 1975 lẹ́nu àwọn àgbà. Ìjọba ológun ìgbà náà ti pàṣẹ sìmẹ́ǹtì tó bíi mílíọ̀nù lọ́nà ogún tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni èbúté náà kò lè já ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sí ẹnu òkun, wọ́n ń dúró fún oṣù púpọ̀, sìmẹ́ǹtì sì bàjẹ́ nínú wọn. A kò sọ pé sìmẹ́ǹtì tó bàjẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ilé wa o, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu. Ohun tí à ń wí ni pé kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ohun tó wà nínú òpó tí wọ́n dà nígbà tí gbogbo ìlú ń sáré.

Ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀sà ló yí wa ká, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti òkun ní iyọ̀ nínú, omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé wa. Irin tó wà nínú kọnkéré ni egungun ilé. Bí kọnkéré bá nípọn, tó sì dì dáadáa, ó ń dáàbò bo irin náà. Ṣùgbọ́n bí omi àti iyọ̀ bá ti rí ojú ihò kékeré gbà wọlé, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Ìpẹtà kì í dúró ní ìwọ̀n irin tó jẹ. Wíwú ló ń wú, ó lè gba ààyè tó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó sì ti ń wú ló ń ti kọnkéré síta. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí ìsàlẹ̀ dẹ́kìn, ìyẹn pèpéle kọnkéré tó wà láàrin ilé òkè àti ti ìsàlẹ̀, ń lanu ní ìlà gbọọrọ, tí omi pupa ń ṣàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ègé rẹ̀ á já.

Àwa fúnra wa náà kò jẹ́ kí ilé náà sinmi. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó wó ògiri iwájú. Ẹni tó ń gbé òkè fẹ́ yàrá kan sí i, ó fi búlọ́ọ̀kù dí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò wá mọ́, kálukú gbé táǹkì sórí. A fẹ́ kí ẹ̀yin onítírélà bá wa ro èyí, nítorí ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ ẹrù. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Táǹkì tó gba lítà 2,000, tọ́ọ̀nù méjì ni bó bá kún, ìyẹn ogójì àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹnìkan tò jọ sójú kan lórí ilé, tí kò sì kúrò níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ kò jẹ́ di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tí ẹ kò yẹ táyà rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ni àwọn kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ìpàdé. Wọ́n ní ṣé Japan ni ibí ni? Òótọ́ ni pé ilẹ̀ wa kì í mì bíi tiwọn, ṣùgbọ́n kò ṣàì mì rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ó tún mì lápá Abẹ́òkúta. Ní Accra, tí kò jìnnà sí wa lójú ọ̀nà etí òkun, ìmìtìtì ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939 wó ilé púpọ̀, ẹ̀mí tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì bá a lọ. Ní Turkey, ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2023, ènìyàn tó lé ní 50,000 ló kú. Ara ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń wádìí ni àwọn ilé alájà púpọ̀ tí ẹnìkan ti gé òpó tàbí wó ògiri nísàlẹ̀ wọn kí ṣọ́ọ̀bù lè fẹ̀. Ilẹ̀ mì, ìsàlẹ̀ tó ti rọ̀ náà tẹ̀, gbogbo òkè sì jókòó lé e. Ẹ rìn káàkiri àwọn àfẹ́níù wa, láti Àkọ́kọ́ títí dé Ìkeje, kí ẹ wò ó bóyá irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ilẹ̀ kò sì mì rárá ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, tí ilé alájà tó ní iléèwé nínú wó ní Ìta Fàájì, tó pa àwọn ọmọ kékeré. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti fi àmì sí ilé ọ̀hún tẹ́lẹ̀ pé wíwó ló yẹ ẹ́. Ilẹ̀ kò mì ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, wó, tó pa ènìyàn tó lé ní ogójì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òṣìṣẹ́ bíi tiwa, tó jí lárọ̀ọ́ wá ibi iṣẹ́. Ìwúwo ilé fúnra rẹ̀ tó láti pa ènìyàn. Ẹni tó ń mú ilé le nítorí ilẹ̀ mímì, àti ẹni tó ń mú un le kí ó má baà dá wó, ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà: kí òpó lágbára, kí ògiri àti dẹ́kìn so mọ́ ara wọn, kí ìsàlẹ̀ má rọ̀ ju òkè lọ, kí ẹrù tí kò yẹ kúrò lórí.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ti ara wa, kí ẹ má baà rò pé orí àga la jókòó sí tí à ń wàásù. Búlọ́ọ̀kù tí àwa tí à ń kọ èyí ń gbé, fúláàtì mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, òkè ilé ìdáná wa lanu. A pe bíríkìlà kan tí aládùúgbò júwe fún wa. Ó wo òkè, ó fọwọ́ pa á, ó ní kò le. Ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, ilé ìdáná wá ń dán bíi ti ọjọ́ ìgbéyàwó. A sanwó, a dúpẹ́, a tilẹ̀ ra ẹlẹ́rìndòdò fún un. Òjò ọdún kejì kò tíì dá tí ègé kan tó tóbi tó àwo ìjẹun fi já lulẹ̀. Ó fọ́ bàsíà tí ọmọ wa máa ń jókòó tì fọ àwo. Ọ̀gànjọ́ òru ni. Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, a kì bá tí jókòó kọ ìwé yìí.

Nígbà náà la tó wá ẹnjiníà. Ó gun àkàbà, ó mú òòlù kékeré kan, ó ń kan òkè náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ní kí á fetí sílẹ̀. Ibi tó dára ń dún bí òkúta, ibi tó ti bàjẹ́ ń dún bí agbè òfìfo. Ibi òfìfo náà pọ̀ ju ibi tó lanu lọ dáadáa. Ó wá béèrè pé ta ló ń gbé òkè wa. Ìgbà tí a gòkè lọ la rí i pé páìpù ilé ìwẹ̀ wọn ti ń jò sínú dẹ́kìn láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí. Bí a bá rẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, omi òkè á tún bà á jẹ́. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí àwa ti ṣe gan-an nìyẹn, owó ara wa la sì fi ṣe é.

Bàbá tó ń gbé òkè kọ́kọ́ fárí gá. Wọ́n ní dẹ́kìn tiwọn kò lanu, pé àwa tí a wà nísàlẹ̀ ni kí á lọ tún tiwa ṣe. A kò bá wọn jà, nítorí wọ́n ju wa lọ lọ́jọ́ orí. A bẹ ẹnjiníà kó jẹ́ kí àwọn náà gun àkàbà, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan òkè náà, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, orí dẹ́kìn yìí náà ni ibùsùn mi wà.” Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ni alága ìpàdé búlọ́ọ̀kù wa.

Ohun tó wà lọ́kàn wa nìyí, tí a fi ń sọ pé ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe bíríkìlà. Aládùúgbò yín ni. Fúláàtì kan kò lè dá le nínú búlọ́ọ̀kù tó rọ̀. Òpó tó gba yàrá yín kọjá, láti ilẹ̀ ló ti wá, òkè ló sì ń lọ. Bí ẹ bá dá owó jọ, owó tí kò ní tó ẹnìkan gba ẹnjiníà gidi á tó ènìyàn mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́, tí ẹ ti mọ bí a ṣe ń fi ohùn kan sọ̀rọ̀, kò yẹ kí ìpàdé àwọn tó ń gbé búlọ́ọ̀kù kan ṣòro fún yín.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni tí ẹ ó sanwó fún, ẹ ra ìwé kíkọ kan, èyí tí àwọn ọmọ ń lò níléèwé ti tó. Ẹ rin ilé náà yí ká láti ìpìlẹ̀ dé òkè, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí: ibi tó lanu, ibi tí omi ń gbà wọlé, ilẹ̀kùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í há, ilẹ̀ tó rì lẹ́bàá ògiri. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ibi tó là, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá tí lílà náà ti ré ìlà yín kọjá, ilé náà ṣì ń rìn nìyẹn. Èyí tó là tẹ́ẹ́rẹ́ lójú rírẹ́ lásán lè máà jẹ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí tó gba igun fèrèsé lọ ní dàgbọnrangandan, tí ìka ń wọ̀, tàbí èyí tó wà lára òpó tí irin ti hàn síta, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi pẹ́ńsù ṣọ́. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ rẹ̀ lónìí, kí ẹ wá ẹnjiníà lọ́la.

Ẹ wá ìwé ilé jáde pẹ̀lú: ìwé tí FHA fi pín in, àwòrán ilé bó bá wà, àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ kankan tí wọ́n ti ṣe síbẹ̀ rí. Ẹ kọ gbogbo àyípadà tí ẹ̀yin tàbí ẹni tó ta ilé fún yín ti ṣe, títí kan ògiri tí ẹ wó láìgba àṣẹ. Ẹ má fi ìtìjú pa á mọ́ lójú ẹnjiníà. Aláìsàn tó bá purọ́ fún dókítà, ara rẹ̀ ló ń purọ́ fún.

Ẹnjiníà tí ẹ ó wá, kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ẹni tó kọ́ nípa agbára ilé ni, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé COREN, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1970 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì wádìí rẹ̀. Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ kì í bínú. Ó lè ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ kọnkéré wò láìfọ́ ọ, tàbí kí wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, LSMTL ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ẹ ó gbà lọ́wọ́ ẹnjiníà náà ni ìwé tó kọ, tó fọwọ́ sí, pẹ̀lú àwòrán: ibi tó bàjẹ́, ohun tó bà á jẹ́, ohun tí wọn ó ṣe sí i, àti èwo ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ṣíṣe bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì fún àwa tí à ń gba owó oṣù, ẹ má jẹ́ kó lọ láìdáhùn rẹ̀. Ó sì dára kí ẹni tó yẹ ilé wò má jẹ́ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ àtúnṣe. Ẹ fi ẹnjiníà sí apá tiyín, kí ó máa bá yín ṣọ́ agbaṣẹ́ṣe.

Ìgbà tí ìwé yẹn bá wà lọ́wọ́ yín ni ẹ tó ń pe agbaṣẹ́ṣe. Ẹ fún bíi ẹni mẹ́ta ní ẹ̀dà kan náà, kí wọ́n kọ iye tí wọn ó gbà lórí ohun kan ṣoṣo. Bí ẹnìkan bá kéré jù níye, ẹ bi í pé kí ló yọ kúrò. Ẹ ní kí ó mú yín lọ wo iṣẹ́ tó ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ má lọ wo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Èyí tí òjò méjì ti rọ̀ lé lórí ni kí ẹ lọ wò, kí ẹ sì bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí agbaṣẹ́ṣe kò sí nítòsí. Bí òpó tàbí dẹ́kìn ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Bí kò bá ní òun ó kọ́kọ́ fi igi tàbí irin gbé òkè ró láti orí ilẹ̀ wá, ẹ kí i kó máa lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á gbẹ́ kọnkéré tó kú kúrò títí yóò fi kọjá ẹ̀yìn irin, á ha ìpẹtà dànù, á fi irin tuntun kún èyí tó ti tín-ín-rín, kó tó da òmíràn, á sì máa bomi rin ín fún ó kéré tán ọjọ́ méje. Kọnkéré tí wọn kò fún lómi mu kò ní ní agbára tó yẹ ẹ́ láéláé.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ kò nílò ẹni tí yóò kọ́ yín. Ẹ mọ ohun tí à ń fi ojú rí bí ọ̀gá bá ṣe ìlérí lẹ́nu lásán. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iṣẹ́ wo, ohun èlò wo, ọjọ́ wo, iye wo, ta ni yóò sanwó bí nǹkan aládùúgbò bá bàjẹ́. Ẹ máa sanwó bí iṣẹ́ bá ti ń lọ, lẹ́yìn tí ẹnjiníà yín bá ti wò ó, kí ẹ sì mú díẹ̀ dání títí òjò yóò fi yẹ iṣẹ́ náà wò. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ gba gbogbo owó kó tó gbé ṣọ́bìrì, ibòmíràn ló fẹ́ ná an.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ̀yin ni kí ẹ ra ohun èlò. Láti ọdún 2014 ni àjọ SON ti là á sílẹ̀ pé sìmẹ́ǹtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, 42.5 ni ti òpó, bíìmù, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù. Nọ́ńbà náà wà lára àpò, ẹ kà á. Irin náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀, wọ́n ń ta tín-ín-rín lórúkọ 12 mm. Àwọn fítà wa ní kálípà níbi iṣẹ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín wọ̀n ọ́n, tàbí kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: ọ̀pá 12 mm kan tó gùn ní mítà 12 yẹ kó wúwo tó kílò mẹ́wàá àti ààbọ̀. Bó bá jẹ́ kílò mẹ́jọ, wọ́n ti jẹ nínú egungun ilé yín. Yanrìn etí òkun tó ní iyọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a sílẹ̀ fún yín nítorí pé ó rọjú.

Ohun kan wà tí ó dùn wá láti sọ. Nígbà tí àwa òṣìṣẹ́ bá di ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́, a tètè máa ń gbàgbé. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ru kọnkéré gun àkàbà, àwọn obìnrin tó ń pọn omi, òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn ó ní bàtà àti akoto, pé kò sí ẹni tí yóò dúró lábẹ́ dẹ́kìn tí wọn kò tíì gbé ró, àti pé owó ọjọ́ wọn kò ní í pẹ́. Òfin ọdún 2010 lórí owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ kò yọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ sílẹ̀. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀.

Ìjọba ńkọ́? Iṣẹ́ tó bá kan òpó, bíìmù tàbí dẹ́kìn nílò àṣẹ, ẹ wádìí lọ́dọ̀ FHA àti LASBCA, àjọ tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí òòlù tó kan ògiri. A mọ̀ pé ibí gan-an ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀. Ẹnìkan sọ ọ́ sí wa lójú pé, “Bí mo bá pè wọ́n, wọn ó fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé mi, níbo ni kí n wá kó ìyàwó àti ọmọ lọ?” A kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ìdí. Owó ilé gbígbé ní Èkó kò ṣeé bá dá sí, ẹni tí wọ́n bá lé jáde lónìí lè má rí ibi tó súnmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Nítorí ẹ̀rù yìí ni àwọn ènìyàn fi ń rẹ́ ibi tó lanu, tí wọ́n ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí i, tí wọ́n sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé ẹni tó bá lọ bá aláṣẹ pẹ̀lú ìwé ẹnjiníà lọ́wọ́, pẹ̀lú ètò iṣẹ́ àti orúkọ gbogbo ará búlọ́ọ̀kù lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n wá bá nílé lójijì. A sì ń sọ fún ìjọba náà láti ojú ewé yìí: bí ẹ bá fẹ́ kí ará ìlú fi ojú ọgbẹ́ hàn yín, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ìlé-jáde nìkan ni oògùn tí ẹ mọ̀.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ ò ní lè gba agbaṣẹ́ṣe sí ilé onílé. Ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe ìwé kíkọ yẹn, ẹ lè jọ kọ lẹ́tà kan sí onílé, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Ó lè lé ẹnìkan, kò rọrùn fún un láti lé gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá kọ̀ tí ewu sì ń pọ̀ sí i, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà náà wá bá wa ní ọ́fíìsì, a ó bá yín gbé e dé ọ̀dọ̀ LASBCA, orúkọ ẹ̀ka ni yóò sì wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ẹnìkan.

Ní ti owó, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹ̀ka ti pinnu láti gbé àbá kan wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Àbá náà ni pé kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ya owó ilé títúnṣe sọ́tọ̀, kí ó máa yá a fún àwọn ará búlọ́ọ̀kù kan náà lápapọ̀, kí owó ẹnjiníà jẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò jáde, kí owó àtúnṣe má sì jáde títí ìwé ẹnjiníà yóò fi dé. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ta kò ó, wọ́n ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni owó oṣù, kì í ṣe ilé. A gbọ́ tiwọn, wọn ó sì sọ ọ́ ní ìpàdé kí gbogbo yín gbọ́. Ẹ wá dìbò. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá ń lanu kó mú ìwé kíkọ rẹ̀ dání, pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ sára ògiri, akọ̀wé yóò gba orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.